Ìlú Ìsàlẹ̀ Omi tí Màmá Bọ́tìnnì Tẹ̀ Dó

Àwọn ẹbí wa ní Ìjẹ̀bú ṣì ń bú wa títí di òní pé a sin ìyá àgbà wa sílẹ̀ àjòjì. Wọ́n ní ta ló gbọ́ irú ẹ̀ rí, kí ọmọ Ìjẹ̀bú kú kí wọ́n má gbé e relé, bí ẹni tí kò ní baba. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin kò bá wa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló jókòó sí, ó káwọ́ gbera. Kò mọ̀ pé ìyá àgbà mi fúnra rẹ̀ ló ní ká sin òun sí Warri. Èmi ló sọ ọ́ fún, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ikùn mi nígbà tó ń sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ sin mí síbi tí ilẹ̀ kò ti mọ̀ mí lọ́mọdé."

Mama Button ni gbogbo ọjà ńlá Warri ń pè é. Àwa nílé ń pè é ní Màmá Bọ́tìnnì, tàbí Màmá lásán. Bọ́tìnnì ló ń tà, àti síìpù, àti òwú, àti rọ́bà ìdí síkẹ́ẹ̀tì. Ọkọ rẹ̀ ló mú un wá láti Ìjẹ̀bú nígbà tó wà ní wúńdíá, ìlú yìí ló sì dàgbà sí, ibẹ̀ ló darúgbó sí, ibẹ̀ ló kú sí. Lọ́jọ́ ìsìnkú, pásítọ̀ dúró lórí àga ìwàásù, ó ní obìnrin tí kò mọ ẹ̀rù ni olóògbé. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Nínú gbogbo ẹni tí mo mọ̀ láyé, kò sẹ́ni tó mọ ẹ̀rù tó ìyá àgbà mi.

Kì í pe àìsàn lórúkọ. Bí wọ́n bá pè é láti òkèèrè, kì í dáhùn àfi tó bá rí ojú ẹni tó ń pè é. Bí òjò bá ti ń ṣú, á kó gbogbo wa wọlé, á sì máa kọ orin ìyìn sókè ju ààrá lọ. Tí a bá fẹ́ mọ ohun tó fà á, á ní ká lọ fọ abọ́.

Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí pásítọ̀ ti rí ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní ọdún kan tí wọ́n ń pààrọ̀ páànù orí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àwọn géńdé àdúgbò yọ sí i láti gba deve, owó tí wọ́n máa ń bù lé ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́ nǹkan. Mo wà níbẹ̀. Èyí tó ṣíwájú wọn bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, àyà rẹ̀ ń dán. "Mama, our deve," ó ní. Màmá yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Your shirt get button?" ó bi í.

"Wetin concern button, Mama?"

"Go wear your shirt first. I no dey do meeting with naked person."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bára wọn jiyàn díẹ̀, wọ́n sì lọ. Mo ní Màmá, ṣé ẹ̀rù ò bà yín ni? Ó dá gíláàsì rẹ̀ padà sójú. "Èèyàn ni wọ́n, Àbẹ̀kẹ́. Èèyàn kì í bà mí lẹ́rù. Ohun tí kì í ṣe èèyàn ni mo ń sá fún."

Lọ́jọ́ Sunday, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí a jẹ ìrẹsì tán, àwa ọmọ-ọmọ rẹ̀ á tò sórí bẹ́ńṣì lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní àdúgbò Edjeba. Yorùbá ló fi ń pìtàn. Pidgin la fi ń dá a lóhùn, torí pé etí wa gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹnu wa kò fẹ́ yí i. Kò bínú sí i. Ó ní etí ló ń kọ́kọ́ jogún, tó bá yá ẹnu á wá gba tirẹ̀.

Ìlú kan ṣoṣo ni gbogbo ìtàn rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ìlú Ìsàlẹ̀ Omi ló pè é, ó ní abẹ́ odò Warri ló wà, níbi tí ìdákọ̀ró ọkọ̀ kankan kò lè dé. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó rí bó ṣe kó ìlú náà jọ. Ààfin ibẹ̀ ni ààfin ìlú tí wọ́n bí i sí ní Ìjẹ̀bú. Ọjà ibẹ̀ ni ọjà tó ti ń tajà, tòun ti ẹrọ̀fọ̀ rẹ̀. Agogo àárọ̀ ibẹ̀ ni agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa. Pidgin ni àwọn ẹja ibẹ̀ ń sọ, wọ́n sì gbọ́n ju ọba lọ. Tí ọba bá fẹ́ ṣòfin tí kò mọ́gbọ́n dání, ẹja àrọ̀ kan tó jẹ́ lọ́yà ìlú á yọ irùngbọ̀n síta, á ní, "Kabiyesi, no vex, but this one no follow." A ó rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi máa dùn wá, òun náà á máa rẹ́rìn-ín.

Ìtàn kan wà nínú rẹ̀ tí kì í pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Lọ́dọọdún, nígbà ọyẹ́, àwọn Alátùpà á jáde látinú omi, olúkúlùkù pẹ̀lú àtùpà lórí, wọ́n á gba àárín ìlú kọjá lọ sí ààfin. Obìnrin kò gbọdọ̀ rí wọn. Akígbe á ṣíwájú wọn, bí wọ́n bá sì ti gbóhùn rẹ̀, gbogbo ìyá àti ọmọbìnrin á sá wọlé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á ti fèrèsé, wọ́n á kọjú sí ògiri. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Wúrà, ọmọ elépo. Ó gbọ́ tí wọ́n ń bọ̀. Ìyá rẹ̀ ń gbàdúrà, kò wo ẹ̀yìn. Wúrà rọra dìde, ó lọ sídìí fèrèsé, ó fọwọ́ kan ìkọ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Màmá ti máa ń dúró. A ó ní, "Mama, wetin she come see?" Á dìde, á gbọn yẹ̀rì rẹ̀, á ní, "Ó tó."

Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ àbúrò ìyá mi kò gbà. Ó ní òun mọ bí ìtàn náà ṣe parí, ó ní, "She don die. Her eye don burst, she come die." Màmá kì í lu ọmọ. Lọ́jọ́ náà ó fi ọwọ́ gbá a lẹ́nu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fa ọmọ náà mọ́ra, ó gbá orí rẹ̀ mú, ó ní, "Má fi ẹnu rẹ parí ohun tí ẹlòmíràn ń fi ẹ̀mí rẹ̀ dì mú."

Kì í ṣe ohun tó mú wá láti Ìjẹ̀bú nìkan ló ń bù sínú ìlú náà, ó ń bu ìtàn ilẹ̀ tí a ń gbé náà sí i. Ní ìgbà tí Warri ń bá ara rẹ̀ jà, tí ẹ̀yà mẹ́ta ń du ilẹ̀ ibẹ̀, mo kéré, ìyá mi ló ń sọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ fún mi. Ó ní àwọn èèyàn ń wọ bàtà sùn. Ó ní bí ẹnìkan bá kí ọ, o kọ́kọ́ máa ronú èdè tó yẹ kí o fi dá a lóhùn. Kò síbi tí a lè lọ, ni Màmá bá ń pìtàn fáwọn ọmọ àdúgbò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìtàn tó ń sọ nígbà náà ni ti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta ní Ìsàlẹ̀ Omi tí wọ́n ní etídò kan ṣoṣo. Olúkúlùkù ní ọkọ̀ baba òun ló kọ́kọ́ gúnlẹ̀ síbẹ̀.

Ọmọ kì í pa ìtàn mọ́. Wọ́n lọ tún un sọ nídìí ẹ̀rọ omi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Papa Ejiro, onílé tó múlé gbe Màmá, yọ sí wa pẹ̀lú ọkùnrin méjì tí a kò mọ̀ rí. Ìyá mi gbá mi mọ́yà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo rántí bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù mọ́ mi létí.

"Mama Button," Papa Ejiro wí, ojú ń tì í, "dem say you dey tell pikin story about who get Warri."

Màmá gbé àga fún wọn, ó bu omi fún wọn. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò náà kò gba omi. Ó ní, "Inside that your story, which brother be us?"

"Which one you want be?" Màmá bi í.

Màmá bá jókòó, ó sọ ìtàn náà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń sọ ọ́ fún àwa ọmọdé, pẹ̀lú ohùn àwọn ẹja. Ní ìparí, àwọn ẹja gbé etídò náà lọ nígbà tí àwọn mẹ́ta náà ń jà lórí rẹ̀, wọ́n wá rí i pé inú omi ni àwọn dúró sí. Ọkùnrin tó ń béèrè mu omi tó kọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n lọ.

Bí wọ́n ṣe kọjá géètì, Màmá tì í pa. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí. Nígbà tó tún sọ ìtàn náà, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta ti di mẹ́rin, etídò ti di igi àgbálùmọ̀. Ìyá mi bi í pé kí ló dé tó tún ń bà á jẹ́, ó ṣáà ti dára tẹ́lẹ̀. Màmá ní, "Mo yí i títí, wọ́n ṣì rí ara wọn nínú ẹ̀. Kò yí tó."

Èmi ò fiyè sí ọ̀rọ̀ yẹn nígbà náà. Ọmọdé ni mí. Nígbà tó yẹ kí n rántí rẹ̀ náà, mi ò rántí.

Ọ́fíìsì kan ní Airport Road ni mo ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ìwé ni mo fẹ́ràn láti kọ. Ìlú Ìsàlẹ̀ Omi ni mo fẹ́ sọ di ìwé, ní Yorùbá, ìwé ńlá fún àgbàlagbà. Atẹ̀wétà kan ní Ìbàdàn ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ní kí n yára parí ẹ̀. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Mo ka ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé kọ nípa Ìjẹ̀bú, mo bi àwọn Ìjẹ̀bú inú ọjà, mo sì wá rí ibi tí àwọn Alátùpà ti wá. Òrìṣà kan ni, tí obìnrin kò gbọdọ̀ rí tó bá ń rìn lọ sí ibi ọdún rẹ̀. Èmi náà ò ní pe orúkọ rẹ̀ níbí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ti mọ ohun tí mò ń wí, ẹni tí kì í ṣe Ìjẹ̀bú kò nílò orúkọ náà kó tó lóye mi.

Mo rí i pé Màmá ti ṣi ọ̀pọ̀ nǹkan sọ. Ó ní ìgbà ọyẹ́ ni, ìgbà òjò ni. Ó ní inú omi ni wọ́n ti ń jáde, orí ilẹ̀ ni wọ́n ń rìn bọ̀ láti àwọn ìlú wọn. Kò sí àtùpà kankan níbẹ̀. Mo ní arúgbó ti gbàgbé. Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe, mo dá orúkọ gidi padà sí i. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi rò pé mo ti ní méjèèjì.

Oyún mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ nígbà náà. Oyún àkọ́kọ́ mi ni, a ti ń retí rẹ̀ tipẹ́, èmi àti Efe ọkọ mi. Lọ́sàn-án Saturday kan mo gbé ìwé náà lọ sí Edjeba láti kà á fún Màmá. Ó ń ṣa bọ́tìnnì nínú igbá, ó ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ àwọn ẹja. Mo kà á débi tí akígbe ń kọjá. Mo pe orúkọ náà.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú igbá. Kò pariwo. Ó dìde, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó wé e mọ́ ikùn mi, ó ta á ní kókó tó le gan-an, kókó náà tú lẹ́ẹ̀kan, ó tún un ta.

"Ta ló sọ orúkọ yẹn fún ọ?"

"Inú ìwé ni mo ti kà á, Màmá."

"O sì fi ẹnu pè é, pẹ̀lú oyún."

"Màmá, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ ìtàn náà fún wa."

"Èmi kò sọ èyí. Ọyẹ́ ni mo sọ, o sọ ọ́ di òjò. Inú omi ni mo ní wọ́n ti wá, o mú wọn gun orí ilẹ̀. O rò pé mo gbàgbé ni?" Ó jókòó tì mí, kò fi ọwọ́ sílẹ̀ lára gèlè náà. "Mọ̀-ọ́n-mọ̀ ni mo ń rán bọ́tìnnì kan sódì, kí ẹ̀wù náà má baà bá ẹni tó ni ín mu. Ìtàn tí kò bá ní àṣìṣe nínú kì í ṣe ìtàn mọ́, Àbẹ̀kẹ́. Ìpè ni."

Ẹ̀rù bà mí. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín kí ẹ̀rù náà lè lọ, ẹnu mi kò yà. Ó ní kí n dìde lọ ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo padà jókòó, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Èmi ni Wúrà."

Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ti ń tò ó lọ́kàn láti ọdún pípẹ́. Akígbe ti kọjá. Ìyá rẹ̀ ti kó wọn wọ yàrá. Òun ló dìde, ó sì ṣí fèrèsé. Kò sẹ́ni tó rí i, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó dàgbà, ó ń retí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i. Nígbà tí bàbá mi àgbà ń wá ìyàwó tó máa bá a wá sí Warri, àwọn ọmọge mìíràn kọ̀ nítorí ọ̀nà jìn. Ó ní torí pé ó jìn lòun ṣe gbà. Ọmọ méjì tó kọ́kọ́ bí kú kó tó bí ìyá mi. Gbogbo ayé ní ibà ni, òun nìkan ló gbà pé èsì fèrèsé náà ni. Láti ìgbà náà, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, kì í tẹ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ìbáà jẹ́ òkú ni wọ́n fẹ́ sin. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju eéje lọ.

Mo ní, "Ṣùgbọ́n Màmá, ẹ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì."

Ó ní, "Mo gba Jésù gbọ́ tọkàntọkàn. Ìyẹn kò ní kí n má mọ ohun tí mo ṣe."

Mo délé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Efe. Urhobo ni, onímọ̀ ẹ̀rọ ni, ohun tó bá lè wọ̀n ló gbàgbọ́. Bisi lòun ń pè mí. Ó ní, "Bisi, na story book. Malaria kill those children." Mo gbà fún un. Mo ní òótọ́ ló sọ. Mi ò sì tú gèlè náà.

Nígbà tí èmi àti Efe tún lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ lé ikùn mi láti gbọ́ ọkàn ọmọ. Ó gbé e síhìn-ín, ó gbé e sọ́hùn-ún. "Madam, abeg turn small." Mo yí. Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀rọ náà àfi ariwo bí ẹni pé omi ń ṣàn. Orí àjà ni mò ń wò, mo sì ń rí orúkọ náà bí mo ṣe kọ ọ́, tòun ti àmì orí rẹ̀. Mo ní nínú mi pé mo ti gba ọ̀rọ̀ mi padà, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, tó bá ti bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Efe di ọwọ́ mi mú. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀, ó ní, "See am. E dey hide." Ọkàn ọmọ náà ń lù kíkankíkan. Mo sunkún débi pé wọ́n ní kí n jókòó síta kí ara mi balẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún Màmá lórí fóònù. Ó ní kí n wí fún ọkọ mi kó wá gbé òun lọ sí Ìjẹ̀bú.

Àárín ìgbà òjò la wà. Ọdún òrìṣà náà ti sún mọ́lé. Ẹni tí kò lọ sìnkú ìyá tirẹ̀ nítorí òjò, òun ló jókòó sẹ́yìn mọ́tò Efe yìí, ó wọ aṣọ funfun, ó gbá Bíbélì mọ́ àyà. Mo ní mi ò ní jẹ́ kó lọ. Ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ó sì tilẹ̀kùn mọ́tò. Èmi náà bá wọlé síwájú. Nígbà tí òjò le lójú ọ̀nà, tí a kò rí iwájú mọ́, Efe rọra pa mọ́tò tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mama, make we turn back?" Eyín Màmá ń gbá pọ̀. Ó ní, "My pikin, drive."

Ilé ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ la lọ, Bàbá Kàsálí, tó jẹ́ olórí ẹbí wọn báyìí, tó sì wà lára àwọn tó ń bọ òrìṣà náà. Màmá fi ọdún púpọ̀ jù ú lọ. Bó ti rí i ló kúnlẹ̀ fún un lórí sìmẹ́ǹtì, aṣọ funfun tutù mọ́ ọn lára. Bàbá Kàsálí fò dìde, ó ní èèwọ̀ ni, kí ẹ̀gbọ́n òun má kúnlẹ̀ fóun. Màmá kò dìde.

"Èmi ni mo ṣí fèrèsé," ó ní.

"Fèrèsé wo, ẹ̀gbọ́n?"

Ó sọ ọ́ fún un. Ó dárúkọ ilé náà, ó sọ ọdún tí ó jẹ́, ó nawọ́ sí mi. "Tí wọ́n bá fẹ́ bi ẹnìkan, èmi rèé. Ọmọ yìí kò mọ nǹkan kan. Ẹnu mi ló ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n má gbẹ̀san lára rẹ̀."

Òjò ń pa páànù. Bàbá Kàsálí wo ikùn mi, ó wo gèlè tí mo wé mọ́ ọn, ó tún wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n. Kò sẹ́ni tó máa bi yín. Àwọn tó lè bi yín ti lọ tán."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Efe, ó mí kanlẹ̀, èmi náà mí kanlẹ̀. Bàbá Kàsálí fà á lọ́wọ́ sókè. Ó súre fún mi, ó súre fún oyún, ó ní a ó bí i láyọ̀. Màmá ṣe àmín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà wọ mọ́tò, ó sọ fún mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Ibi tí wọ́n lọ ni èmi náà ń lọ."

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìdáhùn tó fi ọkàn tiwa balẹ̀ kò fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́. Ó fi ọjà sílẹ̀. Ó ní ká sin òun sí Warri, ó mú mi búra sí i.

Mo padà sídìí ìwé mi. Mo yọ orúkọ náà. Mo dá ọyẹ́ padà, mo dá omi padà, mo gbé àtùpà padà sí wọn lórí, gbogbo bọ́tìnnì Màmá ni mo rán padà sódì bó ṣe rán wọn. Ibì kan ló kù. Atẹ̀wétà kọ̀wé sí mi pé ìwé náà dára, ṣùgbọ́n kí ni Wúrà rí? Ó ní a kò lè mú òǹkàwé dé ìdí fèrèsé ká wá ní ó tó. Òótọ́ ló wí. Mo jókòó tì í títí, mi ò lè fi irọ́ dí i, ẹ̀rù sì ń bà mí láti béèrè òótọ́.

Mo béèrè ní ọ̀sẹ̀ tí Màmá lò kẹ́yìn láyé. Ọ̀sán ni, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn, mò ń fún un ní ògì. Ara rẹ̀ ti fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Màmá, mi ò ní kọ ọ́ tẹ́ ẹ bá ní kí n má kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí lẹ rí?"

Ó gbé ògì mì. "Mi ò rí nǹkan kan."

Mo ní báwo.

"Bí mo ṣe ṣí fèrèsé ni ẹ̀rù bà mí, mo sì di ojú. Mo di ojú pinpin. Bẹ́ẹ̀ ni mo dúró títí ìró ẹsẹ̀ wọn fi kọjá, mo wá fi ọwọ́ wá ìkọ́, mo tì í."

Ọ̀rọ̀ náà lu mí. Mo gbé abọ́ sílẹ̀, ẹ̀rín àti ẹkún bá ara wọn lójú mi. Gbogbo ọdún yẹn. Ọmọ méjì tó sin, ìyá tí kò sin, òjò tó ń sá fún. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, "Màmá, ẹ ò ṣẹ̀ nígbà náà. Ẹ ò rí i. Kò sí ohun tẹ́ ẹ ṣe, kò sí ohun tó máa ṣe èmi náà."

Ó wò mí pẹ̀lú àánú, bó ṣe máa ń wo àwa ọmọdé tí a bá ti rò pé a mọ ìparí ìtàn.

"Èmi kò rí i," ó ní. "Ohun tí mi ò mọ̀ láti ọjọ́ yẹn, Àbẹ̀kẹ́, ni bóyá òun rí mi."